Díákónì Aago àti Ife Tí Kò Tó

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi ẹnu sọ ohun tí kò lè fi ọwọ́ kàn, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, ẹ wá bá Díákónì Aago. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ báyìí o. Ó ní bí n kò bá sọ ọ́ bó ṣe burú tó, òun máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n ń pè é ní Aago nítorí pé àtúnṣe aago niṣẹ́ rẹ̀. Ó di díákónì nítorí pé ìjọ kò tètè mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan lójú fèrèsé, iná tó ní ọrùn gígùn, abọ́ pẹlẹbẹ tó kún fún irin wẹ́wẹ́, àti ogójì aago lára ògiri. Tó bá di Sátidé tó ṣáájú Oúnjẹ Olúwa, á ti ìsọ̀ pa, á lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, á máa bu wáìnì sínú àwọn ife kéékèèké bí ẹni ń kán epo sí ìdí aago. Kì í ṣẹ́ kù, kì í dín. Ó mọ ẹni tó ń gbà á, ó mọ ẹni tí kì í gbà á, ó mọ ẹni tí àìsàn dá dúró sílé. Bí àlejò bá dé ńkọ́? Àlejò a wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àbí ẹ rò pé eré là ń ṣe ni?

Òun náà ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gba Oúnjẹ Olúwa. Á bi wọ́n pé, "Kí ni ìtumọ̀ ìdàpọ̀?" Kí ẹnikẹ́ni tó yanu, á ti dá ara rẹ̀ lóhùn: ìrántí ni, májẹ̀mú ni, ọpẹ́ ni. Á wá fa awò ojú rẹ̀ sí ṣóńṣó imú, á ní, "Paríparí rẹ̀, ó ń sọ ẹni púpọ̀ di ara kan." Ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n tó bá dé ibẹ̀. Ìyá àgbà kan sunkún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díákónì Aago darí sílé lọ́jọ́ náà, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Ọlọ́run lo òun gan-an ni.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹni púpọ̀ tó di ara kan yẹn, ṣé àbúrò yín wà lára wọn?"

Díákónì ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn ìsọ̀.

Ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló ní, bíríkìlà ni, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Ọdún kẹrin rèé tí Díákónì kò ti bá a sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀." Irọ́ ni, kò jinlẹ̀ dé kókósẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, aago mẹ́wàá ni wọ́n fi sí. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí Díákónì Aago tó dé. Pósí ti wà níwájú, èèyàn ti kún, òun wá ń yọ́ wọlé bí ẹni tó jí adìẹ. Ni àbúrò rẹ̀ bá dìde, ó ní, "Ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi o. Aago gbogbo yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kó wá bá a tún tirẹ̀ ṣe?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fẹ́ gbé pósí rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń gbọ̀n. Lójú gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Lójú Díákónì Aago, ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò yìí wá bá a ní ìsọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Díákónì fi awò kékeré há ojú, ó sorí kọ́ sídìí aago, kò gbọ́, kò mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, aago tó sorí kọ́ sí yẹn kò ní nǹkan kan nínú, páànù lásán ni. Àbúrò rẹ̀ dúró, ó wò ó, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ń fi awò wo páànù òfìfo! Ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́.

Láti ìgbà yẹn, àbúrò rẹ̀ kò gba Oúnjẹ Olúwa mọ́. Á wá, á jókòó sẹ́yìn, tó bá kan ìlà tirẹ̀ á mi orí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ní kéèyàn fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá arákùnrin rẹ̀ rẹ́ ná, ó sì gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́, nítorí òun kì í ṣe olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ń jẹ tirẹ̀ lóṣooṣù, ó ń nu ẹnu. Bó bá sì di Sátidé tó ń ka ife, á ní, "Kò ṣáà ń gbà á," á yọ ife kan kúrò.

Ní Ọjọ́rú kan, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kó lọ o. Ó rí iṣẹ́ níbi tó jìn. Tìyàwó tọmọ ni."

"Ta ni yẹn?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí."

"Ire ni," ni Díákónì wí. Ó ba aago mẹ́ta jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣé kó lọ bá a ni? Báwo ni àgbà ṣe máa lọ bẹ ọmọdé? Òótọ́ ni wọ́n sọ pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, àmọ́ èyí mọ̀ ọ́n jù. Ìpinnu tó ṣe ni pé bí àbúrò òun bá wá bẹ òun lẹ́ẹ̀kẹrin, òun á dárí jì í. Ó tiẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà sórí. Ó sọ ọ́ níwájú díńgí nígbà méjì, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó fẹ́ẹ̀ sunkún fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú Oúnjẹ Olúwa dé. Nínú ìjọ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú Oúnjẹ Olúwa. Wọ́n á kúnlẹ̀ yí tábìlì ká, ẹni tó wà lósì rẹ á bu búrẹ́dì fún ọ, á fún ọ ní ife, á ní, "Gbà, tìrẹ ni." Ìwọ náà á wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ. Àwọn díákónì ló ń kẹ́yìn, Díákónì Aago ló sì máa ń wà ní ìparí ìlà. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Á gbà, kò ní í fún ẹnikẹ́ni.

Ó kúnlẹ̀. Ìyá tó ń bójú tó aṣọ pẹpẹ bu búrẹ́dì fún un, ó fún un ní ife tó kẹ́yìn, ó ní, "Ẹ gbà, tiyín ni." Díákónì jẹ búrẹ́dì. Bó ṣe fẹ́ gbé ife sẹ́nu báyìí, ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ọ̀tún rẹ̀. Kò nílò kó wojú. Ọwọ́ tó tẹ́ síwájú rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì nínú èékánná.

Ó na ọwọ́ sí búrẹ́dì. Ọwọ́ tó ń mú irin tí kò tó irun láìgbọ̀n ni mò ń wí o, ó wá ń da búrẹ́dì sí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Gbà, tì..." Àbúrò rẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì ń retí ife. Díákónì wo àwo ife. Òfìfo.

Pásítọ̀ wo àwo náà, ó wo Díákónì. Gbogbo ìjọ mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í ṣi ife kà.

Àbúrò rẹ̀ rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò kà mí mọ́ ọn ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, Díákónì á mọ èsì tó máa fọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ́ níwájú díńgí ló fò lọ, ojú tì í dé egungun. Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ fún un, ó ní, "Gba tèmi." Àbúrò rẹ̀ fi kan ètè, ó dá ìyókù padà fún un: "Ẹ mu ún, tiyín ni." Àbọ̀ ife tí kò tó ẹyẹ mu! Díákónì mu ún, omi ojú àti omi imú sì dà sára kóòtù. Àwọn akọrin kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, wọ́n bá kọ orin Kérésì nínú oṣù kẹfà.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn méjèèjì ń fọ ife ní yàrá ẹ̀yìn. Díákónì yanu kó wí nǹkan tó bójú mu, òótọ́ ló bọ́ síta. Ó ní, "Ọjọ́ tí a sin Ìyá wa, láti aago méje ni mo ti wọṣọ tán. Inú ìsọ̀ ni mo wà. Ẹ̀rù ń bà mí láti wá wo pósí yẹn." Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ń nu ife lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo wá wò yín lọ́jọ́ náà. Mo rí yín lójú fèrèsé, ẹ ń sunkún. Mi ò lè kan ilẹ̀kùn. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Nígbà tẹ́ ẹ wá wọlé, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n Bàbá wa ti ń dìde láti fi yín wọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Mo ní kí n yáa tètè pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín."

Díákónì Aago jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo wá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́."

Ilẹ̀ ì bá là, Díákónì á wọlé láìbi í léèrè. Àbúrò rẹ̀ gbé ife tó kẹ́yìn kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ebi ń pa mí. Ìyàwó mi ti di ìkòkò mọ́ ẹrù. Ilé yín la ti máa jẹun o."

Àwọn mẹ́fà, tìyàwó tọmọ, ló ya wọ ilé. Ìyàwó Díákónì wò wọ́n, ó kàn bu omi kún ọbẹ̀. Àga kò tó, Díákónì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ jẹ nínú àwo kan. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ń wò ó bí àlejò. Èyí tó kéré jù kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn tí wọ́n jọ gbé àdúgbò kan náà, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n jọ jẹ.