Ọjọ́ Tí Kúbúrá Kàwé Lójú Èrò

Oko ni wọ́n ń kó gbogbo ohun tí kò bá dáa nínú agbo ilé wa l'Ọ̀rányàn lọ. Ìkòkò tó bá là, oko. Àgbò tó bá yarọ, oko. Nígbà tí wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Yẹ̀kínì, ọmọ ìyáálé, oko náà ni Yésúfù baba rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ bá àbúrò òun tó ń dáko níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ọmọ náà ti ṣubú sínú iná ààrò. Oko ni wọ́n sin ín sí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn dé, ẹran wà nínú ọbẹ̀ nílé wa. Mo mọ̀, torí mo bá wọn jẹ ńbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi Ràbíátù, ìyàwó kékeré, léèrè ìdí tó fi fi ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ pamọ́. Kúbúrá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa kí ibà burúkú kan tó dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Ibà náà lọ, ó sì mú etí ọmọ lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá pe Kúbúrá tí kò dáhùn, Ràbíátù á sáré ní, "Ẹ má bínú, olóríkunkun ni." Wọ́n á wá na ọmọ nítorí oríkunkun. Ìyá á dúró, á máa wò. Ẹgba ṣáà sàn ju oko lọ.

Ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ló ti ń kọ́ ọ láti máa wo ẹnu èèyàn. Yóò sọ̀rọ̀, ọmọ á tún ohun tó rí lẹ́nu rẹ̀ sọ. Ohùn Kúbúrá kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé sì ń fi ṣẹ̀sín pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Tápà.

Ahunṣọ ni Yésúfù, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tí kì í lọ ilé-kéwú. Áàfáà Màmúdù tó ń kọ́ wọn kò ní eyín iwájú kankan mọ́, èyí sì jẹ́ kí Kúbúrá máa rí bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń yí. Iwájú ló ń jókòó, kì í gbójú kúrò lẹ́nu Áàfáà, ọkùnrin náà sì rò pé ìfẹ́ kéwú ló ń pa á. Ó mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ tó ń gbọ́ lọ.

Ìdánwò ni wàhálà rẹ̀. Kí wọ́n tó fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìde kó ka ohun tó wà lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é. Kúbúrá kì í mọ̀ pé wọ́n ti pe òun. Kòbókò ọmọ-kéwú àgbà ló ń sọ fún un. Bó ṣe di pé tí àsìkò bá ti ń súnmọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìtọ̀ á sì bọ́ lára rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ á fò lọ. Àwọn ọmọ yòókù ti fi ìtọ̀ náà ṣe orin.

Nígbà tó yá, Yésúfù dá ọjọ́ wòlímọ̀ wọn, ọjọ́ tí wọn yóò kàwé lójú gbogbo èrò. Ó kó wa jọ, ó ní, "Ọmọ tó bá dójú tì mí lọ́jọ́ náà, oko ló ń lọ." Kúbúrá ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ràbíátù kò sun oorun àsùnwọra mọ́. Lójoojúmọ́, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, yóò fi gèlè wé orí bíi ti Áàfáà, yóò di ojú rẹ̀ mágbárí, yóò sì gbé igi sókè. Ọmọ á bú sẹ́kún. Ìyá á gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lé àyà ara rẹ̀ títí èémí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, á tún fajú ro.

"Kò sóhun tí ojú burúkú lè fi ẹ́ ṣe," á wí. "Ẹnu ni kó o máa wò. Ohun tó bá sọ, ìwọ tún un sọ, kó o wá máa kà á lọ."

Á máa jágbe mọ́ ọn: "Màá nà ẹ́! Màá lé ẹ lọ!" Kúbúrá á gbà á, á tún un sọ láìṣì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Eré ni ìdánwò wá dà lójú rẹ̀. Mo rí i tó jẹun yó láàárọ̀ wòlímọ̀, ọmọ tí kì í lè gbé òkèlè mì tẹ́lẹ̀ bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yésúfù fẹ́ káyé máa wo òun ju kóun máa wo ọmọ òun lọ. Áàfáà aláìléyín kò tó o. Àgbà Áàfáà kan láti apá Ọjà'ba ló lọ pè, bàbá náà sì gẹṣin dé. Láwàní rẹ̀ funfun gbòò; ó wé e yí orí, ó wé e yí àgbọ̀n, ó sì fi bo ẹnu bí àwọn Áàfáà ńlá ṣe máa ń ṣe. Ojú àti imú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ràbíátù wà nídìí ààrò. Ó rí i, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà Áàfáà á bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kan, ọmọ á gbà á, á sì kà á dópin. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tò ó títí wọ́n fi ti Kúbúrá síwájú. Kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó gbójú sókè, ó ń wá ẹnu, aṣọ ló rí. Aṣọ náà mì díẹ̀. Áàfáà tún bẹ̀rẹ̀, aṣọ tún mì.

"Mo ṣáà ti wí," ni Àtọ́kẹ́, ìyá Yésúfù, sọ láti orí ẹní rẹ̀. "Òpè ni."

Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́sẹ̀ ọmọ. Yésúfù dìde.

Ràbíátù já wọ àárín àwọn ọkùnrin, ó kúnlẹ̀ níwájú àlejò. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ká láwàní kúrò lẹ́nu. Ọmọ mi kì í gbọ́ràn. Ẹnu ló ń wò. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ ó rí ẹnu yín!"

Bàbá náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó sì rọra tú aṣọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ojú Kúbúrá, ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kúbúrá gbà á. Ó kà á dópin, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Áàfáà bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó tún gbà á. Omi lé ròrò sójú bàbá arúgbó, àwọn èèyàn sì ń ké "Máṣàálà!"

Yésúfù ní tirẹ̀ kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "O gbé adití pamọ́ sínú ilé mi, o wá tú mi fó lójú gbogbo Ìbàdàn."

"Ọmọ rẹ kà á, Yésúfù," ni Áàfáà wí. "Ẹni tó dójú tì ẹ́ lo ní yóò lọ."

"Ó ti dójú tì mí, bàbá." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó wá láti oko fún àsè náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Kúbúrá dúró sí. Yésúfù là á mọ́lẹ̀ ketekete: "Adití ò ní gbé nílé mi. Gbé e lọ sóko láàárọ̀ ọ̀la."

Kúbúrá rí ojú burúkú, ó rí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Ó nà ró, ó fi ohùn Tápà rẹ̀ wí sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́: "Adití ò ní gbé nílé mi. Gbé e lọ sóko láàárọ̀ ọ̀la." Ó wá dúró, ó ń retí èyí tó kù.

Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Àwọn kan bá a rín in. Yésúfù kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n máa pín ẹran.

Ọmọ náà sá lọ bá ìyá rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá mi, ṣé mo ṣì í? Èyí tí bàbá mi sọ gbẹ̀yìn, ṣé mo gbà á?"

Ràbíátù di ojú rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì kó lè rí ẹnu òun dáadáa.

"O ò ṣì í, ọmọ mi," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ lo gbà."