Ibi Ìsinmi

Ẹ̀kán ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan já láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ bọ́ sórí pápá etí odò. Oníkálà yára fi àtàǹpàkò gbà á kí ó tó kan bébà.

Oníkálà ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, nítorí òun ló máa ń kun àwòrán ilẹ̀ agbègbè náà: àwọ̀ ewé fún igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé, àwọ̀ ìyeyè fún oko àti ilé, àwọ̀ ọsàn fún ibi ìsinmi. Gbogbo àwòrán ti gba àwọ̀ tán. Pápá yẹn nìkan ló ṣì funfun.

Ọ̀gá ti yọjú láàárọ̀. Ó ní àwòrán gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn àgbẹ̀ ti gba òdìkejì odò, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó fẹ́ kí wọ́n ti pápá pa nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé sínú koríko ibẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ibi ìsinmi, kí àwọn ará ìlú lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Arúgbó kan ṣoṣo tí ọgbà rẹ̀ bá pápá náà pààlà ló dìde nínú ìpàdé, tó ní àfi tí òun bá kú.

“Bàbá rẹ sì ni,” ni Ọ̀gá wí. “Lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí ni kí o kùn.”

Oníkálà kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Àwọ̀ ewé ló fẹ́, kì í sì í ṣe nítorí ẹyẹ. Pápá yẹn ni màmá rẹ̀ máa ń tẹ́ aṣọ sí lọ́jọ́ ìsinmi. Lójú inú rẹ̀, aṣọ náà ṣì wà nílẹ̀: Màmá jókòó, ó ń bó ọsàn, Bàbá ń so okùn funfun mọ́ ẹ̀ka igi kí òun ọmọ wọn lè máa fì lókè. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ẹsẹ̀ àjèjì kankan kò ní tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ á wà bó ṣe wà.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Bàbá, níbi tó ti ń gé ewé ọgbà. Ó kí i pé ó kú iṣẹ́.

“Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán ọ ni, máa pa dà,” ni Bàbá fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àbíkẹ́yìn mi, ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n máa sin òkú síbi tí ìyá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín?”

“Òkú wo, Bàbá?”

“Ẹnu ọ̀gá yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi ìsinmi. Ó ní àwọn àgbàlagbà bíi tèmi ló máa kọ́kọ́ gbádùn ẹ̀. Mo wò ó lójú, mo ní ìwọ ńkọ́, ṣé o ò ní bá wa lọ ni?”

Oníkálà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé: bẹ́ǹṣì, ibi tí ọmọdé á ti máa sáré, ibi tí àgbà á ti máa gba atẹ́gùn. Bàbá di àdá mú láìmì. Nígbà tó yá, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Màmá ti lọ.

“Ẹ ò wá lè sọ pé ibi eré? Ẹ fẹ́ fi ìjáyà pa arúgbó.”

Wọ́n jọ rìn lọ síbẹ̀. Pápá náà kéré sí èyí tí Oníkálà ń gbé kiri nínú orí rẹ̀. Àwọn ẹyẹ fò láti àárín koríko, wọ́n yí po, wọ́n tún balẹ̀. Igi náà ṣì wà létí pápá, okùn sì wà lára ẹ̀ka rẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn tiwọn funfun. Aláwọ̀ búlúù ni eléyìí, tuntun sì ni. Ẹsẹ̀ kéékèèké ti họ koríko abẹ́ rẹ̀ kúrò, èèpo ọsàn kan sì wà nílẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ó dun Oníkálà bí ẹni tó rí àlejò nínú aṣọ ìyá rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó so ó.

Bàbá wúkọ́.

“Èmi ni. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé ìsàlẹ̀ ni mo so ó fún. Tiwa ti jẹrà, kò lè gbé wọn.”

“Ẹyẹ wá ńkọ́?”

“Wọn kì í dé àárín. Ìyá rẹ ló máa ń ní kẹ́nikẹ́ni má dé ibẹ̀, pé ilẹ̀ ẹ̀ rọ̀. Ohun tí mo sọ fáwọn náà nìyẹn.”

Oníkálà fọwọ́ kan okùn náà, okùn náà sì fì díẹ̀.

Nígbà tó pa dà sí ọ́fíìsì, ó pa “ìsinmi” rẹ́ nínú àlàyé àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, ó kọ “eré” sípò rẹ̀. Ó fa àwọ̀ ọsàn gba etí pápá, láti ọgbà Bàbá títí dé ìdí igi, ó sì fi àárín sílẹ̀ de àwọ̀ ewé. Ọ̀gá yọ orí láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ṣé ibi eré náà kò há jù.

“Ó gba aṣọ kan,” ni Oníkálà wí.

Ó wo ilà aláwọ̀ ọsàn náà títí. Lẹ́yìn náà ló tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ó sì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i.