Káún Inú Páìpù

Ẹ̀rù kí òun má ṣi nǹkan ṣe ni Àbíkẹ́ máa ń gbé sùn, òun náà ló sì máa ń gbé jí. Kò kàwé dópin. Nítorí náà, nígbà tí Títíladé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá nílé rẹ̀ ní Ajíbọ́dé, gbé ìlàjì páìpù kan wá pé kí wọ́n bá òun fi sínú fíríìjì, Àbíkẹ́ ní kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Amọ̀ ìsàlẹ̀ adágún oníyọ̀ kan lápá Òkè Ọya ló wà nínú rẹ̀; wọ́n ti páìpù náà bọ ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n fà á yọ tamọ̀tamọ̀, wọ́n sì là á sí méjì ní òró. Títíladé ṣàlàyé pé bí òjò bá pọ̀, amọ̀ dúdú ni adágún náà ń kó jọ sísàlẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, omi á fà, iyọ̀ funfun á sì jókòó. Bí dúdú àti funfun ṣe gun orí ara wọn lòun fi ń mọ bí òjò ṣe rọ̀ láyé àtijọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá ọkọ Àbíkẹ́ ti Lálúpọn dé. Kí Àbíkẹ́ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, màmá ti gbé ẹ̀wà kaná.

"Inú amọ̀ lẹ ti ń tọ́jú káún báyìí, ẹ̀yin ará ìgboro?"

Àbíkẹ́ sáré wọ ilé ìdáná. Ó ṣí fíríìjì. Wọ́n ti fi ṣíbí họ ibi tó funfun jù, ihò ti wà níbẹ̀.

"Màámi, iṣẹ́ ìwé ọmọ ọlọ́mọ mà nìyẹn."

"Káún ni. Mo tọ́ ọ wò kí n tó họ ọ́." Ohùn màmá rọlẹ̀. "Fi amọ̀ dí i, kí o tẹ́ ẹ dáadáa. Ta ni yóò mọ̀?"

Àbíkẹ́ mú ṣíbí. Bí òun bá fi dúdú bo funfun, ṣé òun kò ní sọ ọ̀dá di òjò? Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Nígbà tí Títíladé wọlé, Àbíkẹ́ kò jẹ́ kó jókòó. "Títí, má bínú. Màmá ti fi díẹ̀ nínú páìpù rẹ se ẹ̀wà. Wọn kò mọ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà ṣí fíríìjì, ó tẹjú mọ́ ihò náà. Ó ní, "Ẹ kò fi nǹkan kan dí i?"

"Rárá o."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ìlàjì kejì wà nílé-ẹ̀kọ́, màá wo ibi tó ṣófo yìí lára ìyẹn. Ká ní ẹ ti dí i ni, n kò ní mọ̀ pé ó ti dàrú, òjò ni ǹ bá ka ọ̀dá yìí sí. Irọ́ ni ǹ bá máa kọ fáráyé."

Màmá ti ń bu ẹ̀wà. "Ó tètè rọ̀ ṣá. Ìwọ ọmọ yìí, wá jẹ nínú ọ̀dá rẹ."

Títíladé bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì gba abọ́. Àbíkẹ́ lọ ṣan ṣíbí tó gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó tì wọ́n, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi ṣíbí náà jẹun.