Koríko Tútù fún Bhoori

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Hajira ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bhoori, ẹfọ̀n tí wàrà rẹ̀ ń kún korobá láàárọ̀ lálẹ́, òun ló dùbúlẹ̀ gbalaja yìí, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, omú rẹ̀ gbẹ táútáú. Bàtà àlòkù tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn kí ojú burúkú má baà ràn án ṣì wà níbẹ̀. Bàtà wo ló ń wo àìsàn? Látìgbà tí ọkọ Hajira ti kú, Bhoori yìí náà ni oko, òun ni ọjà.

Irshad, dókítà ẹran, ti bu ìgbẹ́ Bhoori sínú ife, ó pò ó mọ́ omi, ó sẹ́ ẹ.

"Màmá, ẹyin aràn ẹ̀dọ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń rì sí. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ ná, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò."

"Kí ló fẹ́ silẹ̀?" Shafqat, àbúrò ọkọ Hajira, ti pọ́n ọ̀bẹ tán. "Ìyàwó wa, ṣé o ò rí bó ṣe ń mí ni? Tó bá kú fúnra rẹ̀, háráámù ni. Ajá ni yóò jẹ ẹ́."

"Ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù! Dókítà ò tíì wò ó tán."

"Sùúrù kì í jí òkú."

Bhoori na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ojú rẹ̀ yí sókè. Hajira di ìwo rẹ̀ mú, ó ń ké pé, "Má kú, jọ̀ọ́, má kú!" Nígbà tó rí i pé kò sọ́nà mọ́, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ pa á."

Shafqat ṣe Bísímílàhì. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá tí Irshad fi pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń fi awò wò ó: "Mo ti rí i! Ẹyin aràn ọ̀hún rèé, ó pọ̀ lọ jàra!"

Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn mọ́? Nígbà tí Shafqat la ẹ̀dọ̀, aràn pẹlẹbẹ bí ewé ń yọ́ jáde, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ òun náà.

"Màmá, níbo lẹ ti ń gé koríko rẹ̀?"

"Inú abàtà ẹ̀yìn oko ìrẹsì ni, ibi tó tutù jù. Kò fẹ́ jẹun mọ́, mo ní kí n fi èyí tó dáa jù kẹ́ ẹ. Èmi fúnra mi ni mo ń wọ omi lọ gé e."

Irshad mi kanlẹ̀. "Ibẹ̀ ni ìṣáwùrú pọ̀ sí. Inú ìṣáwùrú ni ọmọ aràn ti ń jáde, á wá lẹ̀ mọ́ koríko. Ẹran tó bá jẹ koríko yẹn ti gbé e mì nìyẹn."

"Yéè! Ọwọ́ mi yìí! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á!"

Ó sì rántí. Ohun tí Bhoori bá jẹ kù, ọmọ ẹfọ̀n tó bí ni Hajira ń kó o fún. Ti àárọ̀ yìí náà ńkọ́? Hajira sáré débi ọmọ ẹfọ̀n náà, ó bá a tó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń fà á jáde. "Pọ̀ ọ́! Ọmọ mi, pọ̀ ọ́!"

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ bá mi gba ìgbẹ́ tirẹ̀ náà. Èyí ṣì lágbára, oògùn lè bá a."

Hajira kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ife dání, ó ń bẹ ọmọ ẹran pé kó jọ̀ọ́ kó yàgbẹ́. Ọmọ ẹfọ̀n náà yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé òórùn koríko tútù ṣì wà níbẹ̀.