Báàgì Ládánì

Aago mẹ́rin ni dókítà fẹ́ gbọ́ èsì. Aago mẹ́ta ti kọjá, Yaqub ṣì ń rìn láti ojú fèrèsé dé ìdí fíríìjì nínú fúláàtì rẹ̀ ní Peckham. Ó ń fọwọ́ pa apá òsì rẹ̀, níbi tí iṣan ti wú bí okùn nítorí ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi aago dán wa wò.

Àsúmáù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó láìbọ́ kóòtù. Òun ló fẹ́ fún un ní kíndìnrín kan. Ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu. Àpò ìtọ̀ Yaqub ni kò gbà. Àìsàn ti mú kó súnkì, kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Dókítà ní ọ̀nà mìíràn wà: àwọn á gé díẹ̀ lára ìfun rẹ̀, àwọn á fi la ọ̀nà tuntun fún ìtọ̀, á máa jáde sínú báàgì kékeré kan lára ikùn rẹ̀.

"Báàgì ìtọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń pe ìrun ní mọ́sálááṣí wa. Ṣé ẹ̀gbin ni kí n máa gbé dúró níwájú Ọlọ́run?"

"Kíndìnrín mi lo fẹ́ kọ̀ nítorí báàgì?"

"Ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ò ṣáà pa mí."

"Kò tíì pa ọ́. Jókòó jàre, òòyì ti ń kọ́ mi."

Kò jókòó. Àsúmáù wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti bí Rahmah ni ìtọ̀ ti ń jò lára mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn dókítà mọ̀, wọ́n ní kò kan kíndìnrín. Mo ń di aṣọ mọ́ra, mo ń ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Àfáà tó ń kọ́ wa ní kéú ní aláìsàn ni mí, wọn ò pè mí ní ẹlẹ́gbin. Ìwọ ń pe ìrun, èmi ń jẹ́ ẹ. Ṣé Ọlọ́run ò gba tèmi ni?"

Yaqub dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látàárọ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ṣé ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń bá àbúrò ẹ̀ ọkùnrin sọ nìyẹn? Àlàmú, ọmọ ajífohùn-lé-oorun-lọ, ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é.

Ọkọ̀ ojú irin kọjá, fèrèsé gbọ̀n. Yaqub tẹ́ ẹní ìkírun. Ó foríkanlẹ̀, ó dìde, ó tún foríkanlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ibi tí ikùn ò ti ní ká. Ó mú báírò, ó sàmì kan sí apá ọ̀tún ikùn rẹ̀, níbi tí báàgì á wà.

"Gbé e sókè díẹ̀," ni Àsúmáù wí. "Ikùn ẹ pọ̀ níbẹ̀."

Ó pe dókítà. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀sì tó fàmì sí ibi tí báàgì á wà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ foríkanlẹ̀ lójú wọn."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Kí ló tún kù?"

"Mo gbàgbé láti bi wọ́n léèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ."