Àyè Tí Zubaidah Wá

Yàrá kan ṣoṣo ni Zubaidah àti Lateef ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Moniya. Ẹrù kún un bámú, débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó sú Zubaidah, ó fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ó ti àwọn àpótí sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìṣó kọ́ ìkòkò mọ́ ògiri. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tán pátá.

Lateef wọlé, inú rẹ̀ dùn. "Alihamudulilai! Àyè ti wà báyìí. Ìyá mi lè wá máa bá wa gbé."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyá ọkọ ti gúnlẹ̀ tàwọn ti ẹrù àti adìẹ wọn. Zubaidah fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, kò rí ibi tí orúnkún rẹ̀ yóò gbà. Ó bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."