Etí Afárin, Àpótí Oníná

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afárin, torí pé bí onígbàjámọ̀ ṣe ń fá orí lòun náà ṣe ń fá irin. Léètì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà á gbá ọ̀pá irin mú lẹ́nu, á máa yí i bíríbírí, Afárin á wá fi ọ̀bẹ kékeré kan máa bó o títí yóò fi rí bó ṣe fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ náà ní àlòkù, kí wọ́n tó bí òun gan-an. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Afárin ti wà nídìí ẹ̀, débi pé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé orogún òun ò sí níta, inú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí, irin ni, ó sì sanra ju òun lọ.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tọ̀ iná tó ń yí ẹ̀rọ náà rú èéfín, ó jóná kọjá àtúnṣe. Ẹni tó ń wé wáyà mọ́tọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti jí i dìde, tọ̀tẹ̀ yìí, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Afárin fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí àwọn tó ń ra àlòkù irin wá fi okùn wọn ẹ̀rọ náà, kò lé wọn. Ìyàwó rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà, ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

Obìnrin ni àbúrò yìí, Oníná ni wọ́n ń pè é. Mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìlọta àti ti ẹ̀rọ omi ló ń tún ṣe ní ìlú kejì. Nígbà tó dé, ó fọwọ́ yí ẹ̀rọ náà, ó dẹ etí sí i, ó ní egungun ẹ̀ ṣì le koko, ọkàn nìkan ló kú. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá pẹ̀lú mọ́tọ̀ tuntun kan tí kò ju ike ọ̀dà lọ, àti àpótí kan tó dà bíi páálí bàtà, tí bọ́tìnnì roboto kan tó ṣeé yí wà lójú ẹ̀. Afárin wo mọ́tọ̀ náà, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Oníná, ṣé èyí ló máa yí irin, àbí irin ló máa yí i?"

Oníná ní kó fara balẹ̀. Ó ní mọ́tọ̀ nìkan kọ́, inú àpótí yẹn ni iṣẹ́ wà. Ìyára mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ náà ní látọjọ́ tó ti wà. Kí èèyàn tó kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó gbọ́dọ̀ pa á, kó bẹ̀rẹ̀, kó fi èjìká fa bẹ́líìtì láti orí pọ́ọ̀lì kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin tó ń gbé bẹ́líìtì yí, sí òmíràn, èjìká Afárin ò sì fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Àpótí yìí á máa bu iná fún mọ́tọ̀ níwọ̀n-níwọ̀n. Bí wọ́n bá ṣe yí bọ́tìnnì tó ni ẹ̀rọ á ṣe sáré tó, láìdúró. Afárin ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà. Ihò ẹsẹ̀ mọ́tọ̀ tuntun ò bá ti àtijọ́ mu, ni Afárin bá gé irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ó lu ihò tuntun sí i, ó fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n na okùn tín-ín-rín láti pọ́ọ̀lì kan sí èkejì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n wà lójú ìlà kan náà. Oníná ní ó ti dáa. Afárin ní kò dáa, ó fi ìwọ̀n irun imú yà. Ó ki wáṣà kan, irin pẹlẹbẹ tó ní ihò láàárín, bọ abẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tọ̀, okùn náà sì lẹ̀ mọ́ pọ́ọ̀lì méjèèjì pẹ́kípẹ́kí. Oníná gbé àpótí rẹ̀ kọ́ ògiri lókèèrè, nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin, kí èérún irin má baà wọ inú ẹ̀. Bọ́tìnnì nìkan ló tú, tó fi wáyà gígùn fà wá sítòsí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan án, ẹ̀rọ náà dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gbọ̀n, kò pariwo. Afárin mí kanlẹ̀. Oníná rẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹ̀rọ náà dúró. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Àpótí gbá mọ́tọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pá àárín ẹ̀rọ dúró gbagidi, ṣùgbọ́n ẹnu irin ńlá tó ń gbá iṣẹ́ mú, tó wúwo tó ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì, kò dúró. Ó ń yí lọ, ó tú ara rẹ̀ kúrò, ó já lulẹ̀ gbì, ó yí gbirigbiri gba àárín àwọn méjèèjì, ó lọ fọ́ àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Afárin tọ́ka sí ẹnu irin náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ńṣe la wé ẹnu yẹn mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Béèyàn bá dá a dúró lójijì, á tú. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. O ò bi mí, Oníná."

"Mi ò bi yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Afárin fẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó rojọ́ títí. Ìyàwó ní òun gbọ́, ó wá bi í pé kí wọ́n tó pààrọ̀ mọ́tọ̀ ẹ̀rọ náà ńkọ́, ṣé kò ṣe é léṣe rí ni? Afárin wo àpá tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó dìde. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá Oníná lórí ilẹ̀, tó ń ka ìwé àpótí náà láti ojú ewé àkọ́kọ́. Àkókò tó fún ẹ̀rọ láti fi dúró kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó sọ ọ́ di mẹ́wàá, ó sì ti ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà yí sẹ́yìn pa, torí ìyẹn náà lè tú ẹnu irin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ìwà ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí dókítà tó ń bi ìyá aláìsàn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tan án tí wọ́n sì pa á, ó dúró bí ẹni tí oorun ń gbé lọ.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnjiníà tó ń bójú tó omi ìlú fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá tó ń yí ẹ̀rọ tó ń fa omi fún gbogbo ìlú ti kán sí méjì. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí pọ́ńpù ti gbẹ, tí tàgbà-tèwe ń gbé ike kiri. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ lọ bá ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ọ̀pá irin tuntun wá, ó gùn tó èèyàn, ó sì tín-ín-rín. Ó hàn lójú ẹ̀, bó ṣe ń wo ẹ̀rọ àtijọ́ náà, pé torí kò ríbi lọ ló ṣe wá.

Afárin gbé ọ̀pá náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó dé àárín, níbi tó ti rọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń ké fíìn-fíìn, ojú irin sì ń ṣe wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Afárin pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, ó fi irin ti ọ̀pá náà lẹ́yìn, ó ń ké síbẹ̀. Ó mọ igbe yẹn. Láyé àtijọ́, bó bá sún bẹ́líìtì síhìn-ín, ẹ̀rọ á sáré jù. Bó bá sún un sọ́hùn-ún, á falẹ̀ jù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ti dá padà fáwọn èèyàn rí, tòun ti ìtìjú. Ó na ọwọ́ láti pa á.

Oníná, tí kò tíì padà sí ìlú rẹ̀, ò kúrò níbi tó dúró sí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má pa á. Ẹ má wo nọ́ńbà kankan lójú bọ́tìnnì. Etí yín ni kẹ́ ẹ fi wá a."

Afárin di bọ́tìnnì mú, ó tẹ orí ba. Ó yí i díẹ̀, igbe náà le sí i. Ó dá a padà, ó yí i sí apá kejì, igbe náà lọ sílẹ̀. Ó tún fi bíńtín kún un. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìró ọ̀bẹ tó ń bó irin, irin sì ń jáde ní gígùn, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bọ́ sílẹ̀, ojú ọ̀pá ń dán bíi dígí. Èjìká Afárin ń mì. Oníná rò pé ó ń sunkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń rín.

"Ogójì ọdún ni mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ wà," ló wí. "Mi ò kàn rí ọ̀nà débẹ̀ ni."

Ẹnjiníà wọn ọ̀pá náà níbi méje. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ó wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní èyí tó kán gan-an ò dọ́gba tó báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, pọ́ńpù iwájú ṣọ́ọ̀bù wúkọ́, ó tu omi pípọ́n díẹ̀, ó tún wúkọ́, omi mímọ́ wá ń tú jáde yàà. Ike ń dún káàkiri àdúgbò. Àwọn èèyàn ya wá kí Afárin, wọ́n ń ṣàdúrà pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbẹ. Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ jáde síwájú wọn.

"Ẹ má kí èmi nìkan. Ẹni tó jí ẹ̀rọ dìde nìyí."

Wọn ò tíì túká tí ẹnjiníà tún fi dé pẹ̀lú ọ̀pá irin méjì míì lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ fi wọ́n pamọ́ dọjọ́ iwájú. Afárin wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí Oníná wá dúró síwájú ẹ̀rọ, kó di ọ̀bẹ mú, òun á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fá irin. Oníná ní ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀. Afárin ní ó yẹ kó bà á, ó ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kó bẹ̀rẹ̀.